Ẹ̀rí Tí Kò Ní Jàǹbá Nínú



Nígbà tí mo lọ fi orúkọ sílẹ̀ pé mo fẹ́ jẹ́rìí ní ìjọ wa lónìí, bàbá tó ń kọ orúkọ bi mí pé kí ni Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Bírò ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ṣé jàǹbá ọkọ̀ ni àbí àìsàn, àbí àwọn ajínigbé? Mo ní rárá, bàbá. Wọ́n ní ṣé físà ni? Mo ní kì í ṣe físà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá kọ “àánú oríṣiríṣi” síwájú orúkọ mi. Mi ò bá wọn jiyàn, torí àwọn ẹlẹ́rìí tó wà lẹ́yìn mi pọ̀. Ṣùgbọ́n àánú kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan tí ǹ bá dà ní yunifásítì.

Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni wọ́n bí mi sí, ẹ sì mọ ilé wa. Ṣùgbọ́n Minna kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí ìdílé wa. Bàbá tó bí bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀ nígbà tí rélùwéè ṣì jẹ́ rélùwéè. Minna ni ojú irin tó ti Èkó wá àti èyí tó ti Bàró wá létí odò Ọya ti pàdé kí wọ́n tó jọ kọjú sí Kánò, ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi pọ̀ nínú ìlú náà kí ẹnikẹ́ni tó ro ti yunifásítì. Nítorí náà, nígbà tí orúkọ mi jáde lọ́dún 2017 pé Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Minna ló gbà mí, bàbá mi ní kí ẹnikẹ́ni má sunkún, ilé ni mo ń lọ.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún mi ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ọkọ̀ ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù JAMB. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ẹni tó bá kà á jáde, ẹnjiníà ni, ọdún márùn-ún gbáko ló sì ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn àǹtí mi. Ọ̀kan nínú wọn pàtẹ́wọ́ lórí mi, ó ní, “Yunifásítì lo fẹ́ lọ kọ́ ebè kíkọ? Bàbá àgbà ì bá kọ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́!” Bàbá mi yanjú tiwọn ní ọ̀nà ara wọn. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹnjiníà ni mo ń kà, wọ́n á sì dá gbólóhùn náà dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n dà nìyẹn, ẹnjiníà tó dé akoto funfun, tó ń nàka sí afárá. Mi ò tíì kúrò nílé tí wọ́n ti rán aṣọ rẹ̀.

Ọdún 1983 ni ìjọba dá yunifásítì náà sílẹ̀. Bosso nínú ìgboro Minna ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Gidan Kwano ni ọgbà tí wọ́n wá fi ṣe ibùjókòó gidi, ní ojú ọ̀nà Bídà, ilẹ̀ tó lé ní hẹ́kítà 10,000. Ẹ óò sọ̀ ní Kpakungu, ẹ óò wọ ọkọ̀ mìíràn, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, igi ẹ̀mí àti igi irúgbá á gba ojú ọ̀nà, ẹ óò sì máa rò pé dẹ́rẹ́bà ti ṣìnà kí ẹ tó rí géètì. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, àwọn tí àwa ń pè ní Gwárì. Èjìká ni àwọn obìnrin wọn fi ń ru igi ìdáná àti omi, wọn kì í gbé e lé orí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ọrùn ń dùn wọ́n ni.

Kò pẹ́ tí mo fi gba orúkọ tuntun. Obìnrin tó ń ta màsá ń pè mí ní Bayerabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá, ọlọ́kadà ń pè mí ní Málàm, mo sì ń dá àwọn méjèèjì lóhùn. Mo kọ́ Háúsá ní tipátipá, torí pé ẹni tí kò bá lè ná ọjà ní Háúsá níbẹ̀ á san owó àlejò títí tí yóò fi gboyè jáde. Mo ń jẹ túwó. Mo ń mu fúrà. Nígbà tí mo wálé lọ́dún kejì, màmá mi wo bí mo ṣe jókòó sílẹ̀ ká ẹsẹ̀ jẹun, wọ́n ní, “Áà, wọ́n ti gba ọmọ mi.”

Ọ̀rọ̀ màmá mi yìí ló gbé mi lọ sídìí Dáníẹ́lì. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nínú ihò kìnnìún, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ihò yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọba Bábílónì kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n kọ́ èdè àti ìwé àwọn ará Kálídéà, wọ́n sì pa orúkọ wọn dà. Orúkọ òrìṣà ọba wà nínú èyí tí wọ́n fún Dáníẹ́lì. Ẹ wò ó dáadáa: kò kọ orúkọ náà. Kò kọ èdè wọn, kò sì kọ ìwé wọn. Ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju àwọn onílé lọ. Oúnjẹ orí tábìlì ọba nìkan ló ní òun ò ní jẹ. Èyí ya mí lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, orúkọ òrìṣà ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé jù, ǹ bá sì jókòó ti ẹran. Ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí rẹ̀ pọ̀, àwọn kan ní ẹran náà ni wọ́n fi bọ òrìṣà, àwọn kan ní ẹ̀fọ́ ló dára fún ara. Gidan Kwano ni mo ti rí ìtumọ̀ tèmi, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ló sì là mí lójú.

Ní ti ọdún márùn-ún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ó di oṣù Kejì ọdún 2019. Ní 2020, ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti Kòrónà jọ gba ọdún náà mọ́ wa lọ́wọ́ láti oṣù Kẹta títí di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 2022 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ géérégé. Àwọn olùkọ́ ní ẹjọ́ tiwọn, mi ò sì wá síbí láti dá a. Ẹ̀yin òbí rò pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Èmi rí i pé nǹkan mìíràn ló ń sọ ọmọ dà. Ọ̀rẹ́ mi kan di télọ̀, aṣọ tí mo wọ̀ yìí òun ló rán an. Òmíràn di ẹni tó ń ta iṣu láti Minna lọ sí Àbújá. Àwọn kan sì di yàhúù, àwọn oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Lọ́ọ̀jì tí mo ń gbé lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé, yàrá mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ tàwọn yàhúù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú inú wo àwọn abàmì kan. Àwọn ni wọ́n ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, iná wọn sì dé yàrá tèmi. Bí wọ́n bá se ìrẹsì, wọ́n á gbé abọ́ tèmi wá. Nígbà tí ibà gbé mi dè lóru ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ló gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn, ó sanwó, ó sì jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ń gbàdúrà fún un títí di òní. Lẹ́yìn tí ara mi yá, ó wá bá mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní gẹ̀ẹ́sì mi dán, kí n kàn bá àwọn kọ lẹ́tà sí ìyá opó kan ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà ìfẹ́ lásán, èmi ò ní mọ ohun tí wọ́n bá fi ṣe.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ “rárá” ò wúwo lẹ́nu mi rí tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìbọn. Kò sí ìhàlẹ̀. Ìrẹsì ló dí mi lẹ́nu, pẹ̀lú epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni Dáníẹ́lì ti yé mi. Orúkọ tí ọba sọ ọ́ kò lè mú un ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń jẹun ọba láràárọ̀ ni kò ní lè dá ọba lóhùn lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé. Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé mi ò lè kọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ṣì wà lọ́mọdé. Mo ta fóònù mi, mo dá owó ilé ìwòsàn padà fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun òkùnkùn tèmi nínú yàrá tèmi. Gààrí Ìjẹ̀bú tí màmá mi fi ránṣẹ́ ni mo mu di oṣù Kẹwàá. Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run lórí èyí.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ tán o, torí ibi tí mo sá lọ náà ní ewu tirẹ̀. Fẹ́lóṣíìpù ni mo sá lọ. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, inú Bíbélì ni wọ́n kó mi sí, mo sì jàǹfààní. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn arákùnrin tó ń darí wa ló ní ohùn kan náà, ohùn bàbá olùdásílẹ̀ ìjọ wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀kan, ọmọ Tiv ni èkejì, ẹ fọjú bò wọ́n, ẹnìkan ṣoṣo ni. Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ gùn níbi tí bàbá ń fà á, wọ́n á fi áńkáṣíìfù nu iwájú níbi tí kò ti sí òógùn, nínú ọyẹ́! Arákùnrin kan rí mi nínú ìran lórí pẹpẹ, kò sì pẹ́ tí èmi náà fi ra táì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lóru pẹ̀lú ohùn yẹn. Ọmọ Tápà kan láti Bídà la jọ ń gbé yàrá nígbà náà, Mùsùlùmí ni. Lóru ọjọ́ kan ó jí, ó jókòó lórí ibùsùn rẹ̀, ó bi mí pẹ̀lú ìyọ́nú pé, “Ta nìyẹn tó ń sọ̀rọ̀?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ó dáa. Sọ fún un kó jẹ́ ká sùn.”

Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rín in. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn kò mọ ohun tó sọ. Mo ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kí n ya èké, mo fẹ́ di àwòkọ. Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí ni pé òun fúnra rẹ̀ kò jọ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1954, ni òun ń bá ṣe, ó ń kírun rẹ̀ láìpariwo. Ní sáà kan, mo rí i pé B rẹ̀ nínú ìṣirò ti di C. Mo ní kí ló dé? Ó ní lẹ́kítọ̀ ro máàkì òun pọ̀ lọ́nà òdì, òun ló mú ìwé náà padà lọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí èmi ò bá bi í, mi ò bá tí mọ̀. Ní ìjọ wa níbí, a ó ti pè é síta láti wá jẹ́rìí.

Obìnrin kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ẹ wo ẹ̀yìn ogún náírà bí ẹ bá ní in lápò. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ yẹn, Ladi Kwali ni. Ìyá Gbagyi tó ni lọ́ọ̀jì wa ló fi hàn mí, ó na owó náà sí mi lójú, ó ní, “Tiwa ni.” Kwali ni wọ́n bí i sí, ní agbègbè Àbújá òde òní, àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ. Ní 1954 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò tí òyìnbó Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja. Wọ́n kọ́ ọ ní ẹ̀rọ yíyí, wọ́n kọ́ ọ ní bí a ṣe ń fi ohun dídán bo ìkòkò àti bí a ṣe ń fi iná tó gbóná ju ti ìta gbangba sun ún. Ó kọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìkòkò ńlá tó sọ ọ́ di olókìkí, ọwọ́ ló fi mọ wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ní Kwali, ó ya alángbá àti àkekèé àti ẹja sí wọn lára bí àwọn ìyá rẹ̀ ṣe ń yà á, lẹ́yìn náà ló wá fi dídán òyìnbó bò ó. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1977. Mi ò mọ̀ bóyá ó ka ìwé Dáníẹ́lì rí, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ ti gbà àti ibi tí kò ti yẹ kó gbà.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa IT, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí mo lọ ṣe ní Bàdẹ́gì, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọkà ti orílẹ̀-èdè wà. Ìrẹsì la ń kà ní ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan nínú ẹrẹ̀, oòrùn á sì ti wọ orí. Iṣẹ́ náà ṣì wù mí, mo sì ti fẹ́ gbàgbé ẹnjiníà alákoto.

Ọdún tó gbẹ̀yìn ni Ọlọ́run parí iṣẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní àbàtà kan lẹ́bàá ọgbà wa. Òjò wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì ń dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹwàá. Mo fẹ́ mọ bí omi náà ṣe ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá dá, kí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lè mọ ìgbà tí kànga wọn yóò gbẹ. Mo ri páìpù mọ́lẹ̀, mo ń lọ wọ̀n ọ́n ní ìdájí. Nígbà tí ọyẹ́ mú, màlúù wọ àbàtà náà nítorí koríko tútù, wọ́n tẹ páìpù mi fọ́ ní alẹ́ kan. Kí n tó rówó ra òmíràn kí n sì tún un rì, ọ̀sẹ̀ ti gorí ọ̀sẹ̀. Ihò ńlá ṣí sílẹ̀ láàárín ìwé ìwọ̀n mi, níbi tó ṣe pàtàkì jù.

Ẹgbẹ́ mi ní ṣé ìyẹn náà nìṣòro? Ó ní kí n wo nọ́ńbà tó ṣáájú, kí n wo èyí tó tẹ̀ lé e, kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Kì í ṣe ìyá opó kankan ni yóò sunkún. Mo jókòó sí lábù, mo sì ti mú pẹ́ńsù. Bàbá tó ń tọ́jú lábù, ọmọ Kàbà ni wọ́n, Yorùbá Òkun ni wọ́n ń sọ sí mi. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wo ìwé náà, wọ́n ní, “Omi yìí ló sọ fún ẹ pé òun ga tó báyẹn?” Mo ní rárá, sà. Wọ́n ní, “Ta ló wá sọ fún ẹ?” Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ta ló wá sọ fún mi? Ẹni tó fẹ́ kí n gboyè ipò kìíní ni. Ẹnjiníà alákoto ni. Gbogbo àwọn tí mo rò pé mo ti sá fún, inú pẹ́ńsù yẹn ni wọ́n kó sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé màlúù fọ́ páìpù, mi ò rí omi wọ̀n. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá wá gbèjà iṣẹ́ wa, ọ̀gá tó wá láti yunifásítì mìíràn na ìka sí ihò náà, ó ní kí ni mo rò pé omi náà ṣe láàárín àkókò yẹn. Mo ní mo lè méfò, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀. Gbogbo yàrá dákẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mi ò gba ipò kìíní. Ipò kejì ti òkè ni mo gbà. Ǹjẹ́ ihò yẹn ló fà á? Ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe òun nìkan, kárí-ófà mi nínú ìṣirò wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, mo ń bá àwọn olóko Òkè-Ògùn wá ibi tí omi wà kí wọ́n tó gbẹ́ kànga. Láìpẹ́ yìí, mo sọ fún ọ̀gá kan pé kò sí omi tó pọ̀ tó níbi tó fẹ́ gbẹ́ ẹ sí. Ó bínú, ó lọ gbé ẹlòmíràn tó sọ fún un pé omi wà, owó mi sì bá a lọ. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó sùn yẹn ni mo bá wá síwájú yín lónìí, òun ni mo ń dúpẹ́ lé lórí, torí mo mọ àwọn tí kò bá ti wà nípò rẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi fún gààrí. Bàbá mi wà ní ìjókòó kẹta yẹn. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ẹnjiníà, mo sì ń jẹ́ ẹ. Iṣu tí mo gbé wá síwájú pẹpẹ, ará Minna ni wọ́n, ọ̀rẹ́ mi tó di oníṣòwò iṣu ló fi wọ́n ránṣẹ́ nígbà tó gbọ́ pé mo ń dúpẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọ tí JAMB gbé lọ sí Gidan Kwano lọ́dún yìí, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Màá fún yín ní nọ́ńbà ìyá onílé wa, màá sì sọ iye tí ẹ ó san láti Kpakungu fún yín, kí wọ́n má baà gba owó àlejò lọ́wọ́ yín.